Ìgbín Omi Tí Ń Tọ́ Aràn Ìtọ̀ Ẹlẹ́jẹ̀

Bí ọmọkùnrin kan létí omi ní Ẹ̀pẹ́ bá tọ̀, tí ìtọ̀ náà sì pọ́n níparí, àwọn kan á ní ó ti ń di géńdé nìyẹn. Àwọn mìíràn á ní àtọ̀sí ajá ni, wọ́n á sì máa wo ọmọ náà bí ẹni tó ti lọ bá obìnrin sùn. Irọ́ ni méjèèjì. Aràn ni, inú ìgbín omi kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná lọ ló sì ti pọ̀ kó tó wọ ara ọmọ.

Schistosomiasis ni àwọn dókítà ń pe àìsàn náà. Àwọn kan ń pè é ní bilharzia, nítorí Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì tó rí aràn náà nínú òkú èèyàn ní Káírò ní 1851. Ọdún 64 kọjá kí Robert Leiper, ará Scotland, tó fi hàn ní Íjíbítì ní 1915 pé inú ìgbín omi ló ń gbà kó tó dé ara èèyàn.

Ẹ má ṣe rò pé ìgbín tí à ń sè lọ́bẹ̀ ni mò ń wí, kì í sì í ṣe ìṣáwùrú. Bulinus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sọ ọ́. Ẹnu ìkarahun rẹ̀ wà lápá òsì, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀tún ni ti ọ̀pọ̀ ìgbín wà. Omi tó dúró tàbí tó rọra ń ṣàn ló fẹ́, lábẹ́ òṣíbàtà, lára koríko etí odò. Omi oníyọ̀ kò bá a lára mu. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ìhà Ẹ̀pẹ́ ju ọ̀sà Èkó lọ: omi òkun máa ń wọ ọ̀sà Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, lọ́nà ọ̀sà Lẹ́kì tí odò Ọ̀ṣun ń tú sí, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ń dín kù.

Ẹni tó ní aràn náà lára ló máa kọ́kọ́ tọ̀ sódò. Ẹyin aràn wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, ojú lásán kò lè rí i. Tó bá ti kan omi tí kò níyọ̀, ẹyin á pa, ọmọ aràn tí irun wínníwínní bo ara rẹ̀ á jáde, á sì máa lúwẹ̀ẹ́ wá ìgbín kiri. Kì í jẹun. Bí kò bá rí ìgbín láàárín ọjọ́ kan, ikú ni. Kì í sì í ṣe ìgbín tó bá ṣáà ti rí ló lè gbà á, Bulinus ló ń wá. (Aràn pẹlẹbẹ tí àwọn alápatà máa ń bá nínú ẹ̀dọ̀ màlúù ní ìgbín omi tirẹ̀ lọ́tọ̀, koríko etí omi ni màlúù ti ń jẹ ẹ́.)

Tó bá rí Bulinus, á gún ẹran ara rẹ̀ wọlé, á bọ́ irun ara rẹ̀ sílẹ̀, á sì di àpò kan tí kò lẹ́nu, tí kò níkùn. Inú àpò yìí ni àpò mìíràn ti ń hù, tí wọ́n á forí lé ibi tí ẹ̀dọ̀ ìgbín àti ilé ẹyin rẹ̀ wà, tí àwọn náà á tún máa bí tiwọn. Kò sí akọ, kò sí abo níbẹ̀. Àpò ló ń bí àpò. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹyọ kan tó wọlé lè ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo àlàyé yìí: ìtọ̀ ọmọ kan ṣoṣo, tó bá bọ́ síbi tí ìgbín yìí wà, lè di àìsàn fún gbogbo ọmọ tó ń wẹ̀ ní èbúté náà.

Ìgbín náà ń jìyà. Bí àfòmọ́ ṣe ń fa oje igi obì títí tí igi kò fi ní so mọ́, bẹ́ẹ̀ ni aràn yìí ń jẹ ohun tó yẹ kí ìgbín fi yé ẹyin. Púpọ̀ nínú ìgbín tó bá kó o kì í yé mọ́, ẹ̀mí wọn kì í sì í gùn. Síbẹ̀, ẹ kò lè wo ìkarahun kẹ́ ẹ mọ èyí tó kó o. Ńṣe ni àwọn onímọ̀ máa ń fi ìgbín kọ̀ọ̀kan sínú ife omi, tí wọ́n á gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, tí wọ́n á wá fi maikirosíkóòpù wo ohun tó jáde. Ìmọ́lẹ̀ ló ń lé àwọn ọmọ aràn tí àpò inú ìgbín náà bí jáde.

Lódò, oòrùn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń tú jáde jù, tí ìrù wọn là sí méjì, wákàtí tí ooru ń mú, tí àwọn ọmọ ń bẹ́ sómi. Àkókò yẹn kan náà ni ẹyin máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀ ẹni tó ní àìsàn yìí.

Wọn kò dúró kẹ́nì kan mu omi. Awọ ara ni wọ́n ń gbà wọlé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, tí ìrù á já sẹ́yìn. Ẹni tó ń fọṣọ, ẹni tó ń fa àwọ̀n, ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ti ọkọ̀, kò sẹ́ni tó yọ. Wọ́n á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, lẹ́yìn náà sí ẹ̀dọ̀, wọ́n á dàgbà níbẹ̀, akọ á gbá abo mọ́ra, wọ́n á sì jọ lọ tẹ̀dó sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká. Wọ́n lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹyin wọn ló ń ṣọṣẹ́ jù: ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde, á há sínú ẹran ara, ibẹ̀ á wú, á sì degbò. Tó bá pẹ́ gan-an, ó lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Ti obìnrin ló ń dùn mí jù: egbò náà lè wà lójú ara, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ bí àtọ̀sí fún ọdún gbọọrọ, kí ìtìjú má sì jẹ́ kó sọ fún ẹnikẹ́ni, nígbà tó jẹ́ pé odò tó ń pọn ló ti kó o.

Oògùn rẹ̀ ni praziquantel, mílígíráàmù 40 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara bá wọ̀n. Ilé iṣẹ́ Merck ti Jámánì ti ń fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2007, fún àwọn ọmọ iléèwé. Ó ń pa aràn tó ti dàgbà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ran èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kò sì ní kí òmíràn má wọlé. Ọmọ tó lo oògùn lónìí, tó padà sódò kan náà lọ́la, á tún kó o.

Oògùn tó ń pa ìgbín, niclosamide, ń pa ẹja pẹ̀lú, ta ló sì máa dà á sómi tí ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ gbójú lé? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún àwọn tó ń gbé létí omi ni mo rò pé ó yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n sì máa ṣán koríko kúrò níbi tí wọ́n ti ń pọnmi.

Omi odò tí kò sí ìgbín nínú rẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ fún ọjọ́ méjì gbáko, ọmọ aràn inú rẹ̀ á ti kú, ẹ lè fi wẹ̀. Bí ìtọ̀ ọmọ bá sì pọ́n, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Láàárín aago mẹ́wàá sí aago méjì ọ̀sán ni kó tọ̀ sínú ike, kí èyí tó kán gbẹ̀yìn sì wà nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹyin máa ń pọ̀ sí jù.