Níbo Ni Bátìrì Ọ̀kadà Yín Ti Máa Gba Iná?

Ọlọ́kadà kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀kadà oníbátìrì kì í mu epo, ó sì ti ń dá àjọ nítorí ẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ó máa ń sáré?" Mo ní kó jókòó ná. Eré kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bi mí.

Iṣẹ́ rìwáyà ni mo kọ́, bátìrì ni mo ń tún ṣe báyìí. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kadà olépo tó ń ṣiṣẹ́ nígboro máa ń mu tó lítà 2 sí 2.5 bó bá rin 100 kìlómítà. Oníbátìrì á jẹ nǹkan bíi yúnítì iná 4 tàbí 5 fún ìrìn kan náà, irú yúnítì tí ẹ ń rà sí mítà ilé yín gan-an. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná tó wákàtí 20 lójúmọ́, gòkè lóṣù kẹrin 2024, ₦225 ni yúnítì kan. Márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦1,125. Ẹ wá ṣírò lítà epo méjì ní iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yín lónìí, kí ẹ fi wé e. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, kò sí ọlọ́kadà tí ìṣirò yìí kò yé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré á jó tó ìdajì lítà epo kó tó fún yín ní yúnítì kan. Yúnítì márùn-ún, lítà méjì ààbọ̀! Epo tí ẹ sá fún lẹ tún padà lọ rà yẹn, pẹ̀lú ariwo àti èéfín. Bí iná kì í bá dúró ládùúgbò yín, tí kò sì sí sólà, ẹ má tíì rà á. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, torí mo fẹ́ kí gbogbo yín ní in.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹgbẹ́ onílé àti ẹgbẹ́ ọlọ́kadà pé kí wọ́n pawọ́ pọ̀ ṣe ibùdó tí wọ́n á ti máa pààrọ̀ bátìrì. Ní Kútọnu àti Lomé, àwọn ọlọ́kadà tó ń lo ti ilé iṣẹ́ Spiro kì í dúró de bátìrì. Bó bá ti ń tán lọ, wọ́n á yà sí ibùdó, wọ́n á dá a padà, wọ́n á gba èyí tó kún, ó di ojú ọ̀nà. Bátìrì ló wọ́n jù lára ọ̀kadà náà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọrùn ọlọ́kadà ni ẹrù rẹ̀ wà. Àdúgbò kan lè fi ọ̀kadà mẹ́ta àti yàrá kan tí iná kì í sáábà lọ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bátìrì gba iná níbi tí ẹ ń sùn. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó so ó mọ́ iná. Èyí tó bá ti wú, ẹ gbé e jáde síta, ẹ má tú u.

Ọkùnrin náà padà wá lánàá. Ìyá kan tó ń ta omi tútù lóríta wọn ní yàrá lórí wáyà Band A. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo máa lọ wò ó bóyá wáyà inú yàrá náà nípọn tó láti gbé bátìrì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.