Bí Ìtàn Apá-Apá Ṣe Ń So Òǹkọ̀wé Mọ́ Òǹkàwé

Ẹni tí ó bá ra odindi ìwé ìtàn àròsọ lè kà á tán láàárín ọjọ́ méjì, kí ó pa á dé, kí ó má sì mọ ohunkóhun nípa ẹni tí ó kọ ọ́ ju orúkọ ẹ̀yìn ìwé lọ. Ìtàn tí ó ń jáde ní apá-apá yàtọ̀. Bí apá kan bá ti parí, òǹkàwé á máa ro ohun tí yóò tẹ̀lé e, á bá ojúgbà rẹ̀ jiyàn lórí rẹ̀, ẹlòmíràn á sì kọ̀wé sí òǹkọ̀wé. Inú àkókò ìdúró yìí gan-an ni àjọṣe wọn ti ń fìdí múlẹ̀, nítorí pé òǹkọ̀wé kò tíì kọ ìyókù tán, ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé bá sọ sì lè ráyè wọ inú ìtàn.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó gbayì jù ní èdè Yorùbá ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Isaac Babalọlá Thomas ni olóòtú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1928, lásìkò tí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ń du òǹkàwé mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní oṣù keje ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú rẹ̀ láti ọwọ́ obìnrin tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní ìṣekúṣe ni òun fi lo ìgbà èwe òun, pé àìsàn àti òṣì ni ó kù fún òun báyìí, àti pé òun fẹ́ sọ ìtàn ayé òun kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin lè fi òun kọ́gbọ́n. Lẹ́tà ń tẹ̀lé lẹ́tà títí di oṣù kẹta ọdún 1930. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́wọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́.

Kì í ṣe ẹ̀tàn lásán ni ó mú kí wọ́n gbà á gbọ́. Sẹ̀gilọlá a máa dárúkọ àwọn ibi tí ará Èkó mọ̀. Bí ó bá sì fẹ́ ròyìn ìgbà kan, á fa orin tí ó lóde nígbà náà yọ, bí ẹni tí ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ti jó sí irú orin bẹ́ẹ̀ rí kò ní dúró kí ìwé parí rẹ̀ kí ó tó gbè é. Á rántí ibi tí òun wà nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, á fi ìrántí tirẹ̀ kún ti Sẹ̀gilọlá, ìtàn náà á sì di ti àwọn méjèèjì. Èyí ju kí òǹkọ̀wé máa bẹ òǹkàwé pé kí ó fẹ́ràn òun lọ.

Àwọn òǹkàwé sì fèsì. Wọ́n kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa Sẹ̀gilọlá, ìwé ìròyìn kan náà sì tẹ̀ wọ́n jáde, tí ó fi jẹ́ pé òǹkàwé àti ẹni inú ìtàn jọ ń sọ̀rọ̀ lójú ewé kan. Lóòótọ́, kò sí ohun tí ó dí olóòtú lọ́wọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ó ń fi han àwọn yòókù pé àyè wà fún ohùn tiwọn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé ní 1930, ìwé tí àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ni wọ́n gbé wá sọ́jà.

Fífetí sí òǹkàwé ní ààlà tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òǹkọ̀wé Charles Dickens rí i ní 1836 pé ìtàn tí òun ń gbé jáde lóṣooṣù bẹ̀rẹ̀ sí í tà wàràwàrà láti ìgbà tí ẹni inú ìtàn kan, ìránṣẹ́ tí ó ń jẹ́ Sam Weller, ti wọ inú rẹ̀, ó sì fún un láyè sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òǹkàwé ìtàn mìíràn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jẹ́ kí ọmọdébìnrin tí wọn ń pè ní Nell kú, ó jẹ́ kí ó kú ní 1841. Ìhà tí ó kọ sí ọ̀rọ̀ méjèèjì tọ̀nà. Òǹkàwé mọ ẹni tí òun fẹ́ràn. Ibi tí ìtàn yóò já sí wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kọ ọ́.

Lónìí, Facebook àti WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ìtàn apá-apá ti ń jáde, èsì tí ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan nígbà ayé Thomas sì ń dé láàárín ìṣẹ́jú. Ọjọ́ tí òǹkọ̀wé dá ni kókó. Bí ó bá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, àwọn kan á ti máa wo fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá ní lè ṣeé ṣe, gbólóhùn kan tí ó fi tọrọ gáfárà ṣáájú yóò dá wọn dúró, ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọn á gba ibòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ a máa gbé àwọn apá ìṣáájú jáde lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n tó ta ìyókù.

Ewu ibẹ̀ ni pé ilé onílé ni. OkadaBooks, tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Nàìjíríà fi ń ta ìwé orí fóònù, kógbá sílé ní ìparí ọdún 2023, òǹkọ̀wé tí kò bá sì ní ọ̀nà mìíràn láti kàn sí àwọn tí ń ra ìwé rẹ̀ níbẹ̀ ní láti máa wá wọn kiri. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọṣẹ́ fi ń gba nọ́ńbà fóònù tàbí àdírẹ́sì ímeèlì òǹkàwé tí ó bá yọ̀ǹda rẹ̀, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́ ara wọn, tí wọn kì í sì í fi ránṣẹ́ àyàfi bí apá tuntun tàbí ìwé tuntun bá délẹ̀.