Ibi tí àwọn àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ti ṣẹ̀ wá

Bí òbí kan bá bá ọmọ rẹ̀ wí gidigidi, tó sì kìlọ̀ fún un pé kó má dán irú rẹ̀ wò mọ́, elédè Gẹ̀ẹ́sì á ní ó ti "read the riot act" fún ọmọ náà. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ òbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ìwé ni wọ́n ń kà lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni.

Ọdún 1714 ni Ọba George Kìíní ti Jámánì wá jọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ọ̀pọ̀ ará ìlú kò dùn sí i, wàhálà sì ń bẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Àwọn aṣòfin wá gbé òfin kan tí wọ́n ń pè ní Riot Act kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, 1715. Bí ènìyàn 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kóra jọ tí wọ́n ń da ìlú rú, aláṣẹ kan á dúró níwájú wọn, á ka àṣẹ ọba sókè ketekete pé kí wọ́n túká, kí kálukú máa lọ sílé. Wákàtí kan ni wọ́n fún wọn. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò lọ lẹ́yìn ìyẹn, ikú ni òfin là sílẹ̀ fún un. Kíkà náà gbọ́dọ̀ pé pérépéré: ó ṣẹlẹ̀ rí tí ilé ẹjọ́ fagi lé ìdálẹ́bi nítorí pé wọn kò ka "Kí Ọlọ́run dá ọba sí" tó kẹ́yìn rẹ̀.

Tí a bá sì mójú kúrò lára ohun tí a rí, "turn a blind eye" ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Nelson, ọ̀gágun ojú omi, ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti bàjẹ́ lójú ogun ní Corsica ní 1794. Nígbà ìjà Copenhagen ní 1801, ọ̀gá rẹ̀ ta àsíá pé kó dáwọ́ ìjà dúró. Ìtàn ní ó gbé awò awọ̀nàjíjìn sí ojú tó fọ́ náà, ó ní òun kò rí àsíá kankan, ó sì ń jà lọ.

Àwọn atukọ̀ náà ló ni "three sheets to the wind", tí wọ́n ń lò fún ọ̀mùtí. Ọ̀pọ̀ ló rò pé aṣọ ni "sheet" ibẹ̀. Rárá o, okùn tó ń di ìgbòkun mú ni. Bí mẹ́ta bá tú, ọkọ̀ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Èyí tó máa ń wọ̀ mí lára jù ni "the powers that be", ìyẹn àwọn aláṣẹ. William Tyndale ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1526, nínú ìwé Róòmù orí 13. Àwọn aláṣẹ náà ló mú un. Ní 1536, wọ́n fún un lọ́rùn pa ní Vilvoorde nítòsí Brussels, wọ́n sì sun òkú rẹ̀. Nígbà tí Bíbélì Ọba James jáde ní 1611, gbólóhùn rẹ̀ wà níbẹ̀, wọn kò yí i padà.