Ìgbà tí omi wọnú ìṣirò onígbáméjì

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn báwọn onímáàsì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣirò bá kọ́lẹ́rà, ìyẹn onígbáméjì, jà, Lọ́ńdọ̀nù 1854 lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, bí dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow ṣe wo ibi táwọn tó kú ń gbé ní àdúgbò Soho, tó rí i pé pọ́ǹpù Broad Street ni ọ̀rọ̀ náà so mọ́, tí wọ́n fi yọ ọwọ́ pọ́ǹpù ọ̀hún lọ́jọ́ 8 oṣù kẹsàn-án. Iṣẹ́ ńlá ni o, àmọ́ òkú tó ti kú ló kà. Mọ́dẹ̀ẹ̀lì, ìyẹn ìṣirò tó ń ṣàfarawé bí àrùn ṣe ń tàn, ló lè sọ iye tó kù tó máa kú tí wọ́n bá fi ọwọ́ pọ́ǹpù yẹn sílẹ̀.

Ní 1927 àwọn olùṣèwádìí méjì, Kermack àti McKendrick, pín ará ìlú sí mẹ́ta: ẹni tí àrùn lè mú, ẹni tó ń ṣe lọ́wọ́, ẹni tó ti bọ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n omi ò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ní kọ́lẹ́rà lè má fojú kan ẹni tó kó o ràn láéláé, ìgbẹ́ ẹ̀ ló wọnú omi, ẹlòmíì wá bu omi mu.

Kọ́lẹ́rà ja Ítálì ní 1973, òun ni àwọn olùṣèwádìí méjì, Capasso àti Paveri-Fontana, ṣírò jáde ní 1979. Ìlà ìṣirò méjì péré: ọ̀kan fáwọn aláìsàn, ọ̀kan fún kòkòrò inú omi. Ìlà kejì yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí bí ìkòkò ló ṣe rí, aláìsàn ń da kòkòrò sí i, kòkòrò náà sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Claudia Codeço ní Brazil fi àwọn tí àrùn ò tíì mú kún un ní 2001.

Látìgbà tómi ti ní ìlà tiẹ̀, gbogbo ohun téèyàn lè ṣe ló rí ibi dúró sí. Klorínì ń jẹ́ kí kòkòrò tètè kú, ṣáláńgá ń dín èyí tó ń wọlé kù, àjẹsára ń yọ èèyàn kúrò lọ́wọ́ àrùn kó tó dé. Tó bá ti di pé aláìsàn kan ò ran tó ẹnì kan mọ́, àrùn á rọlẹ̀.

Haiti ló jẹ́ ká rí i kedere. Kọ́lẹ́rà débẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2010, àwọn olùṣèwádìí méjì, Andrews àti Basu, wá ṣírò rẹ̀ fún 2011: tí mímu omi ìdọ̀tí bá ń fi 1% dín kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, 105,000 èèyàn ò ní kó o. Àjẹsára fún 10% ará ìlú, 63,000. Oògùn apakòkòrò, 9,000 péré, ẹ má tíì jù ú nù o, torí nígbà tí wọ́n ka ẹ̀mí, àjẹsára yẹn gba 900 là, oògùn gba 1,300.