Bí lẹ́tà ará àdúgbò ṣe ń dé ọwọ́ ìjọba ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ibi tó ti ń sọnù

Ìjọba tí gbogbo wa ń pè ní ìjọba yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí, káńsù, ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń sọnù. Gọ́tà á dí ní Masífà, àwọn èèyàn á kọ̀wé sí gómìnà, lẹ́tà á dé ọ́fíìsì gómìnà ní Agodi n'Íbàdàn, á jókòó síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ káńsù Ogbomoso North tó wà ní Kínnírá níbí ló yẹ kó gbọ́ ọ. Ọjà, gáréèjì, pàǹtírí, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, itẹ́ òkú, gọ́tà àti títì àdúgbò, káńsù ni òfin 1999 gbé gbogbo ẹ̀ lé lọ́wọ́. Sẹ́kọ́ńdírì ìjọba àti jẹ́nẹ́rà ọsibítù, ti ìpínlẹ̀ nìyẹn. Títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tójú àwọn dírẹ́bà ti rí màbo lórí ẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni, alága káńsù ò lágbára àtida ọ̀dà sí i, kéèyàn máa bú u lórí ìyẹn, àsọdànù ni.

Tí èèyàn bá ti mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ó kù kó mọ ẹni tó ń ṣojú òun. Ogbomoso North, Ogbomoso South àti Oríire, ọnọrébù kan ṣoṣo ló ń ṣojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta l'Ábújà, sẹ́nétọ̀ Oyo North ló sì ni wọ́n. Àmọ́ káńsù Ogo Oluwa àti Surulere, abẹ́ Oyo Central làwọn wà, torí náà ará Ajáàwá ní Ogo Oluwa tó bá kọ̀wé sí sẹ́nétọ̀ Oyo North, ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ló ń kàn.

Lẹ́tà fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Ojú ìwé kan, ọ̀rọ̀ kan. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á kọ́kọ́ kí ọnọrébù, wọ́n á kí ìdílé ẹ̀, wọ́n á gbàdúrà pé kó gòkè sí i, ìgbà tí wọ́n bá fi máa ṣíwèé kejì ni wọ́n á tó sọ pé ẹ bá wa wo gọ́tà, ẹ fún wa ní tiransífọ́mà, ẹ wá iṣẹ́ fáwọn ọmọ wa. Ẹni tí wọ́n bá tọrọ nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀, èyí tó rọrùn jù ló máa ṣe, ìyẹn tó bá ṣe rárá. Lẹ́tà tó dáa á dárúkọ títì, á dárúkọ wọ́ọ̀dù, á sọ ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ àti ẹni tó ń pa lára, á wá sọ pé: a fẹ́ kí káńsù tún bíríjì kékeré tó wà lẹ́bàá iléèwé yìí ṣe kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀. Kí fọ́tò wà nínú ẹ̀. Kí nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí akọ̀wé ò ní wá ẹnikẹ́ni kiri.

Ní ọ́fíìsì, ẹ̀dà méjì ni kéèyàn mú lọ. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á lu sítáǹbù mọ́ ìkejì, wọ́n á kọ déètì sí i, wọ́n á sáìnì, ìyẹn lẹ máa mú lọ sílé. Ẹni tí ò bá gba sítáǹbù ò tíì kọ̀wé rárá, jàre. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá wọn, wọ́n á fi sínú fáìlì, ọ̀gá á kọ nǹkan sí i lára pé kí ẹ̀ka tó ń rí sí iṣẹ́ òde lọ wò ó, tàbí kó kọ KIV (keep in view, ìyẹn ni pé kí wọ́n ṣì fi í síbẹ̀ ná), lẹ́tà tí KIV sì ti pa ò lóǹkà. Tí èèyàn bá padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú sítáǹbù lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé àwọn ò rí lẹ́tà. Wásáàpù sí PA ọnọrébù dáa fún ìránnilétí, àmọ́ kì í wọ fáìlì.

Òṣèlú máa ń ka ìbò o, ká má tanra wa. Lẹ́tà ẹnì kan, ohùn ẹnì kan ni, ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù bá kọ ọ́, tí orúkọ àti ìbuwọ́lù àwọn ará àdúgbò kún ẹ̀yìn ẹ̀, kò sí káńsẹ́lọ̀ tí kò ní jókòó dáadáa. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí káńsẹ́lọ̀, sí ọnọrébù tó wà n'Íbàdàn, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ gbogbo àwọn tó gbà á sí ìsàlẹ̀, kí kálukú mọ̀ pé ẹlòmíràn náà ti rí i. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú bíi ti títì Ọ̀yọ́ yẹn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ Parapọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú.

Àsìkò wà nínú ẹ̀ náà. Oṣù kìíní ni bọ́jẹ́ẹ̀tì ń bẹ̀rẹ̀, ìparí ọdún tó ṣáájú ni gómìnà sábà máa ń gbé e lọ fáwọn aṣòfin 32 tó wà n'Íbàdàn, wọ́n á pe àwọn kọmíṣánà wá ṣàlàyé owó tí wọ́n fẹ́ ná. Ibẹ̀ ni ọnọrébù yín ti lè bèèrè pé ọsibítù wa dà nínú ìwé yìí. Lẹ́tà oṣù kẹjọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣètò, ti oṣù kejìlá ti pẹ́.

Fún Abújà, wọ́n tún lè kọ pẹ̀tísọ̀n, ọnọrébù á gbé e kalẹ̀ nínú ilé aṣòfin, ilé á fà á fún kọmítì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn, wọ́n á pe tọ̀tún-tòsì. Tí ọ̀rọ̀ bá ti wà ní kóòtù, wọn ò ní dá sí i. Ọjọ́ túsìdeè sí tọ́sìdeè ni wọ́n máa ń jókòó, ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú, kó máa retí wọn nílé lópin ọ̀sẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní àwọn ti náwó sí nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò rí, òfin FOI ti 2011 (Freedom of Information, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè àkọsílẹ̀ ìjọba) jẹ́ kéèyàn bèèrè iye owó àti kọ́ńtírátọ̀ tó gbà á láìsọ ìdí, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi fèsì, wọ́n sì lè fi méje mìíràn kún un. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ ní 2025 pé òfin yìí de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn òṣìṣẹ́ tó bá kàn jókòó lé lẹ́tà yín, Public Complaints Commission tó ti wà láti 1975 ń gba ẹ̀sùn wọn, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀.