Ìgbì tí ọkọ̀ ń fi sẹ́yìn: bí àwọn apẹja ṣe ń pín ojú omi

Bí ọkọ̀ kékeré kan bá dúró sí àárín adágún, tí ẹnì kan sì jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́, ọkọ̀ yẹn nìkan ni ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè máa rí. Gbogbo gígùn rẹ̀ lè má ju mítà 5 lọ. Ẹni tó ń bọ̀ á yà fún un díẹ̀, á sì kọjá. Kò kọ lu ẹnikẹ́ni, kò fara kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ó lè ti ba iṣẹ́ gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ náà jẹ́ mọ́ apẹja yẹn lọ́wọ́, kó má sì mọ̀ rárá.

Ohun tó fa èyí ni a fẹ́ tú wò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì àti ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sínú omi ti wà níbi púpọ̀, a ò ní dúró lórí wọn.

Àwọn kan á ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ ẹ́ fò láìfarakanra, pé bẹ́ẹ̀ náà ni omi ṣe fẹ̀ tó. Òwe yẹn ò bá ẹja pípa mu. Omi fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja kì í wà káàkiri inú rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ abẹ́ omi ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sínú ibú, ibi tí igi ti wó sómi, ìdí òpó afárá, etí koríko inú omi, ẹnu ibi tí odò kékeré ti ń wọnú odò ńlá: irú ibẹ̀ ni oúnjẹ wà, ibẹ̀ ni ẹja sì ń pé jọ sí. Nínú adágún tí ojú ò tó òpin rẹ̀, ibi tó ṣe é pẹja dáadáa lè má pọ̀ rárá, gbogbo ọkọ̀ á sì máa fún ara wọn mọ́ ojú kan náà. Ọ̀wọ́n yìí ló bí ìlànà tí àwọn apẹja fi ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ààyè apẹja dé, kó ronú nípa oko àti ahéré. Ọkọ̀ ni ahéré. Omi tí okùn ìwọ̀ wà nínú rẹ̀ ni oko. Ẹni tó fẹsẹ̀ gba orí ebè olóko kọjá kò lè sọ pé òun ò ṣe nǹkan kan torí pé òun ò fọwọ́ kan ahéré. Ibi tó ti le ni pé oko orí omi kì í dúró sójú kan. Oko ẹni tó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ rí róbótó, ó sì tóbi ju bí èèyàn ṣe lérò lọ. Kí irin ìdákọ̀ró tó lè di ilẹ̀ mú dáadáa, okùn rẹ̀ ní láti gùn ju jíjìn omi lọ ní ìlọ́po 5 sí 7. Níbi tí omi ti jìn ní mítà 6, okùn á tó mítà 30 sí 42, bí afẹ́fẹ́ bá sì yí, ọkọ̀ á rọ́ lọ sí apá mìíràn pẹ̀lú gbogbo okùn yẹn. Kí a tún wá fi ibi tí apá rẹ̀ lè ju ìwọ̀ dé kún un. Ẹni tó ń da ìjẹ sómi kí ìṣàn omi lè gbé òórùn rẹ̀ lọ pe ẹja wá ní oko tó gùn tín-ín-rín, tó nà lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ọkọ̀ tó bá sì gé e kọjá ti da ojú ọ̀nà tí ẹja ń tọ̀ bọ̀ rú. Oko ẹni tó ń fa ìwọ̀ kiri wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó lè gùn tó mítà 50, ebè ń tọ ahéré lẹ́yìn. Ní ti ẹni tó dúró létí omi, kò ní ju ibi tí apá rẹ̀ lè ju ìwọ̀ dé lọ, kò sì lè gbé e lọ síbòmíràn. Ìdí nìyí tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ fi ń yà fún ẹni tó wà lórí ilẹ̀: ọlọ́kọ̀ ní gbogbo adágún láti yàn nínú rẹ̀.

Bí oko bá ti hàn sí èèyàn, ọ̀nà tó yẹ kó gbà máa ń hàn pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó kọjú sí etí omi, tó ń ju ìwọ̀ síbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá, lápá ibú. Ọkọ̀ tó ń fa ìwọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sá fún.

Òfin ńkọ́? Òfin àgbáyé tó wà fún kí ọkọ̀ ojú omi má baà kọ lu ara wọn wà, 1972 ni wọ́n fẹnu kò lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977. Ó sọ pé kí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń gbé rìn yà fún ọkọ̀ tó ń pẹja. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́ gbọ́ èyí, wọ́n sì rò pé àwọn ni òfin ń gbè. Àwọn kọ́. Ìlànà kẹta nínú òfin náà ṣàlàyé pé ọkọ̀ tó ń pẹja ni èyí tí àwọ̀n, okùn tàbí irinṣẹ́ mìíràn ti dè mọ́lẹ̀ débi pé kò lè yà bó ṣe yẹ, ó sì yọ àwọn tó ń fa ìwọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kúrò ní pàtó. Bí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì méjì bá fẹ́ dábùú ara wọn, èyí tó rí èkejì lápá ọ̀tún rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yà, ì báà jẹ́ pé ìwọ̀ 4 ló ń fà lẹ́yìn. Ìlànà kẹsàn-án tún wà: nínú ojú ọ̀nà omi tó há, ọkọ̀ apẹja tí òfin mọ̀ pàápàá kò gbọ́dọ̀ dí àwọn tó ń kọjá lọ́wọ́.

Òfin náà dára fún ohun tí wọ́n ṣe é fún, ìyẹn ni kí ọkọ̀ má fọ́, kí ẹ̀mí má sì ṣòfò. Kò sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀ tó wà lábẹ́ omi tàbí ẹja tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹni tó bá pa gbogbo rẹ̀ mọ́ láìku ẹyọ kan ṣì lè jẹ́ aládùúgbò burúkú lójú omi. Àṣà àwọn apẹja ló ń dí àlàfo yìí.

Ibi tó wuni jù nínú gbogbo ètò náà ni ìgbì tí ọkọ̀ ń fi sẹ́yìn, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe tó ń bíni nínú jù wà. Àwọn èèyàn gbà pé bí eré bá ti ń dín kù ni ìgbì ń kéré sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń lọ jẹ́jẹ́ ń ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi náà sì ń padà sáàyè rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ìgbì kékeré ń jáde níwájú rẹ̀, ó sì ń bá ọkọ̀ rìn. Nínú omi jíjìn, ìgbì gígùn ń sáré ju ìgbì kúkúrú lọ, nítorí náà bí ọkọ̀ bá fi kún eré, ìgbì tó ń bá a rìn ní láti gùn sí i. Ó máa dé ibì kan tí àlàfo láti góńgó ìgbì kan sí èkejì á gùn bí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe gùn. Fún ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ lójú omi jẹ́ mítà 5, nǹkan bíi kìlómítà 10 ní wákàtí kan nìyẹn. Iwájú ọkọ̀ wà lórí góńgó kan, ìdí rẹ̀ wà lórí èkejì. Bí atukọ̀ bá tún fi kún eré, góńgó ẹ̀yìn á sún kúrò lábẹ́ ìdí ọkọ̀, ìdí ọkọ̀ á rì sínú kòtò, iwájú á gbé sókè, ọkọ̀ á wá máa tiraka láti gun ìgbì tí òun fúnra rẹ̀ dá. Atukọ̀ ò ní ríran níwájú dáadáa, epo á máa jó, ìgbì ẹ̀yìn á sì ga ju ti ìgbàkígbà lọ.

Bí agbára ẹ́ńjìnnì bá tó, tí abẹ́ ọkọ̀ sì jẹ́ irú èyí tó lè gun orí omi, ó máa bọ́ nínú kòtò yẹn, á sì máa yọ̀ lọ lójú omi. Ìwọ̀nba ara rẹ̀ ló kù nínú omi, ìgbì rẹ̀ á sì tún rẹlẹ̀ ju ti ìgbà tó ń tiraka lọ.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ń sáré bọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí omi. Ó rí apẹja, ó fẹ́ ṣe dáadáa, ó dín eré kù dé ìdajì. Ṣe ló kó ọkọ̀ rẹ̀ padà sínú kòtò yẹn gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún. Ó juwọ́ sí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì fi ìgbì tó burú jù tí ọkọ̀ rẹ̀ lè dá ránṣẹ́ sí i. Agbára inú ìgbì kì í sì í bá gíga rẹ̀ lọ ní dọ́gbadọ́gba: bí ìgbì bá ga ní ìlọ́po 2, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po 4, bó bá ga ní ìlọ́po 3, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po 9.

Ìdí tí àṣìṣe yìí kì í tán nílẹ̀ ni pé ẹni tó ṣe é kì í rí àbájáde rẹ̀. Ní 1887, Lord Kelvin, onímọ̀ físíìsì ará Britain, ṣàlàyé pé nínú omi jíjìn, ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ ń là sí apá méjì, igun tó wà láàárín apá méjèèjì sì jẹ́ nǹkan bíi dígírì 39, yálà ọkọ̀ tóbi tàbí ó kéré. Bí a bá fi èyí ṣírò, apẹja tó wà ní mítà 100 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà kò ní rí ìgbì náà títí ọkọ̀ á fi lọ tó mítà 280 kọjá rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ apẹja ń jì, tí ẹni tó dúró nínú rẹ̀ ń wá ohun tó máa dì mú, tí ìwọ̀ tó fara balẹ̀ sílẹ̀ ń fò sókè sódò, atukọ̀ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ wọn. Létí omi ó tún burú jù bẹ́ẹ̀. Bí ìgbì bá dé ibi tí omi ò ti jìn, eré rẹ̀ á dín kù, á kúrú, á sì ga sí i. Á ru ẹrẹ̀ sókè, á bu iyẹ̀pẹ̀ etí omi lọ, á sì bá ẹni tó wọ́dò dé ìbàdí láìròtẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni kí atukọ̀ dín eré kù pátápátá, títí iwájú ọkọ̀ fi máa sọ̀ kalẹ̀ tó sì tẹ́ dọ́gba pẹ̀lú omi, kó sì ṣe é nígbà tó ṣì jìnnà, torí ìgbì tó ti dá tẹ́lẹ̀ ṣì ń tẹ̀ lé e bọ̀. Èkejì ni kó má dín eré kù, ṣùgbọ́n kó yà réré. Agbede méjì ló burú jù.

Ọ̀rọ̀ ariwo náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Àwọn kan á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ọkọ̀ kí ẹja má baà gbọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á ju ṣéènì ìdákọ̀ró sílẹ̀ gbàmù. Ohùn tó wà nínú afẹ́fẹ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ omi, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ta padà lójú omi. Ṣùgbọ́n ohun tó bá gbá ara ọkọ̀ ti gbá omi nìyẹn, ìró sì ń rin nǹkan bíi mítà 1500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi mítà 340 ló ń rìn nínú afẹ́fẹ́. Ẹja ní etí nínú orí, ó sì tún ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tó fi ń mọ̀ bí omi bá mì. Ẹni tó tan ẹ́ńjìnnì ńlá lórí ibi tí ẹlòmíràn ń pẹja sí ti sọ fún gbogbo ẹja tó wà níbẹ̀ pé ó dé. Nítorí èyí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń lo àjẹ̀ tàbí mọ́tò kékeré oníbátìrì bí wọ́n bá ti sún mọ́ ibẹ̀.

Níbi tí ètò yìí ti gbọ́n jù lọ ni ibi tí ọkọ̀ púpọ̀ ti ń jẹ́ kí omi gbé wọn kọjá lórí ojú kan náà. Oníkálùkù á bẹ̀rẹ̀ lókè, ìṣàn omi á gbé e sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀ nínú omi, tó bá dé ìsàlẹ̀ á ká okùn rẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà padà sókè jẹ́jẹ́, á sì tò sẹ́yìn àwọn tó kù. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ, ìṣàn omi ló ń to gbogbo wọn. Ọkọ̀ 10 lè pa ẹja lórí ibi kan báyìí láìjà. Bí ẹyọ ọkọ̀ kan bá wá ju ìdákọ̀ró sí àárín rẹ̀, gbogbo ètò náà dẹnu kọlẹ̀, torí kò sí ẹni tó lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sí àmì kankan tó máa fi han àlejò. Ẹni tó dé lónìí kò lè rí ìlà tí àwọn ọkọ̀ ń tò. Mọ́tò oníbátìrì tó ń fi sátẹ́láìtì mú ọkọ̀ dúró sójú kan tún ti dá kún un: kò sí okùn ìdákọ̀ró tó hàn, ọkọ̀ náà jọ èyí tí omi ń gbé lọ, àwọn tó kù á sì máa retí pé kó sún. Irú àkókò yìí, ẹnu nìkan ló lè yanjú rẹ̀. Kí ẹni tó ń bọ̀ dín eré kù nígbà tó ṣì jìnnà, kó ké sí wọn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Apá ibo ni kí n gbà?" Apẹja náà á nawọ́ sí apá tí okùn rẹ̀ kò sí, ọ̀rọ̀ á sì tán níbẹ̀.