Bí Jámánì Ṣe Gbin Ọmọ Ogun Sábẹ́ Àdéhùn Versailles

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Adolf Hitler ló kọ́kọ́ tẹ Àdéhùn Versailles, èyí tó parí Ogun Àgbáyé Kìíní pẹ̀lú Jámánì, lójú mọ́lẹ̀, pé kí ó tó gorí àlééfà ní 1933, Jámánì kàn jókòó jẹ́ẹ́ láìní ohun ìjà ni. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá, ó sì ń gbé ojú wa kúrò níbi tí ọ̀rọ̀ náà gbé jinlẹ̀. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1935, Hitler kéde pé ikọ̀ ńlá 36 ni ọmọ ogun Jámánì yóò ní, dípò 10 tí àdéhùn yọ̀ǹda. Ìkórè ló ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ mìíràn ló gbin ín, láti 1919.

Ohun tí àdéhùn náà kà léèwọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹfà 1919 ni wọ́n fọwọ́ sí i: ṣọ́jà 100,000 péré, 4,000 nínú wọn lè jẹ́ ọ̀gágun. Kò gbọdọ̀ sí táńkì, kò gbọdọ̀ sí bàálù ogun, kò gbọdọ̀ sí ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Kí wọ́n sì tú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gágun tó ń gbèrò ogun ká. Ìlà kan ló yẹ kéèyàn dúró tì dáadáa, òun ni èyí tó ní ọdún 12 ni ṣọ́jà gbọdọ̀ lò lẹ́nu iṣẹ́, kí ọ̀gágun lo 25.

Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ọgbọ́n tí wọ́n ti jìyà rẹ̀ rí ni. Ní 1808, Napoleon, olú ọba Faransé, ká Prussia, ìjọba Jámánì kan, lọ́wọ́ kò, ó ní ṣọ́jà wọn kò gbọdọ̀ ju 42,000 lọ. Prussia ń kọ́ àwọn kan níṣẹ́ ogun, ó ń dá wọn padà sílé, ó ń mú àwọn mìíràn wọlé. Iye tó wà nínú ìwé kò yí padà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi gbógun ti Napoleon ní 1813, àwọn tó mọ ìbọn í lò ti ju 42,000 lọ. Àwọn tó kọ Àdéhùn Versailles rántí èyí, wọ́n sì dí ihò náà: ẹni tó bá wọlé kò ní tètè jáde, kò ní sí àyè fún ẹlòmíràn.

Ihò tí wọ́n dí yìí gan-an ló di ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ wo àgbẹ̀ tí onílẹ̀ sọ fún pé ọgọ́rùn-ún ebè péré ni kó kọ. Àgbẹ̀ tó ń ronú ọbẹ̀ alẹ́ òní á gbin iṣu tí yóò gún níyán. Èyí tó ń wo ọdún mẹ́wàá iwájú á fi gbogbo ebè náà ṣe èbù. Èbù kì í tóbi lójú, ẹni tó ń wá iyán kò ní kà á sí. Onílẹ̀ á wá ka ebè, á bá ọgọ́rùn-ún géérégé, á sì padà sílé pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, èbù tí yóò kárí oko ńlá ti wà nílẹ̀.

Hans von Seeckt, ẹni tó darí ọmọ ogun orí ilẹ̀ Jámánì láti 1920 sí 1926, ni àgbẹ̀ yìí. Ó kọ́ olúkúlùkù ní iṣẹ́ ipò tó wà lókè tirẹ̀: ṣọ́jà lásán kọ́ iṣẹ́ sájẹ́ǹtì, sájẹ́ǹtì kọ́ iṣẹ́ ọ̀gágun. Àdéhùn ka àwọn ọ̀gágun, ṣùgbọ́n kò dá iye kankan lé sájẹ́ǹtì àti kọ́póràà, ni wọ́n bá pọ̀ lọ súà. Ọdún 12 tó yẹ kó jẹ́ ṣẹkẹṣẹkẹ wá di àyè láti kọ́ èèyàn dójú àmì. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n tú ká kò tú ká, orúkọ ló yí padà sí Truppenamt, tí kò ju ọ́fíìsì ọmọ ogun lọ létí ẹni tó bá gbọ́ ọ. Ní ìparí 1919, Seeckt pín àwọn ọ̀gágun tó lé ní 400 sí ìgbìmọ̀ 57, kí wọ́n yẹ ogun tó kọjá wò fínnífínní.

Ohun tí kò ṣeé gbìn sóko ẹni, wọ́n gbìn ín sóko ẹlòmíràn. Lẹ́yìn àdéhùn Rapallo ti oṣù Kẹrin 1922, Jámánì àti Soviet di ọ̀rẹ́. Ní Lipetsk, àwọn ọmọ Jámánì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bàálù jà, pẹ̀lú bàálù Fokker tí wọ́n rà ní Netherlands. Nítòsí Kazan, wọ́n ń wa táńkì, àmọ́ katakata ni wọ́n pè é nínú ìwé. Nílé, pákó àti aṣọ ni wọ́n fi ń bo mọ́tò kí ó lè jọ táńkì. Ní ìlú The Hague, iléeṣẹ́ kan tí owó Jámánì wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ya àwòrán ọkọ̀ ogun abẹ́ omi láti 1922. Ọ̀kan nínú ohun tó yà, Vesikko, bọ́ sómi ní Turku ní Finland ní 1933.

Àwọn kan nílé mọ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀. Ní 1929, ìwé ìròyìn tí Carl von Ossietzky ń ṣe olótùú rẹ̀ tú àṣírí bàálù wọ̀nyí. Ní 1931, ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n oṣù 18. Hitler kò tíì dé ìjọba nígbà náà. Ìjọba tó ní òun ń pa àdéhùn mọ́ ló fi ẹni tó sọ òótọ́ sẹ́wọ̀n, ohun tó burú gbáà ni.

Àléébù àdéhùn náà ni pé ohun tí ọwọ́ lè tọ́ ló ń kà. Àwọn olùbẹ̀wò tí àwọn tó ṣẹ́gun Jámánì rán wá ka ìbọn, wọ́n ka orí, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ wọn débi kan, kí wọ́n tó kó ẹrù wọn kúrò ní oṣù Kìíní 1927. Kò sí ẹni tó lè ka ohun tí sájẹ́ǹtì kan mọ̀, tàbí àwòrán tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ní The Hague.

Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹfà 1935, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i pé Jámánì tún lè ní ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Èyí àkọ́kọ́, U-1, tí wọ́n kàn lórí àwòkọ́ Vesikko, ti wà nínú omi ní Kiel láti ọjọ́ 15.